Kí ló dé tí Cradock kò yí ọkọ̀ padà?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, sà. Olùkọ́ ìtàn ni mí ní ilé ẹ̀kọ́ girama. Nígbà tí a dé orí ogun àgbáyé kìíní, mo sọ ìtàn Christopher Cradock fún àwọn ọmọ, ọ̀gá ọmọ ogun ojú omi ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tó kú sí etíkun Ṣílè ní 1914. Akẹ́kọ̀ọ́ kan dìde, ó ní, "Tó bá mọ̀ pé ọkọ̀ ọ̀tá lágbára ju tòun lọ, kí ló dé tí kò sá? Ṣé kò gbọ́n ni?" Mi ò rí èsì gidi fún un. Ẹ jọ̀ọ́, irú èèyàn wo ni ọkùnrin yìí? Báwo ló ṣe dé ipò yẹn, ṣé ẹnìkan ló fà á gòkè ni? Ta ló sì jẹ̀bi ikú àwọn tó bá a lọ?

Ìdáhùn: Olùkọ́, ẹ bá mi kí ọmọ yẹn. Ohun tó bi yín ni àwọn àgbà ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ti ń bi ara wọn láti oṣù kọkànlá ọdún 1914, ẹnu wọn kò sì tíì kò lórí rẹ̀ títí di òní. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń ka ọ̀rọ̀ yìí, ó sì máa ń dùn mí tí mo bá gbọ́ tí wọ́n pe ọkùnrin náà ní aláìgbọ́n. Ó gbọ́n dáadáa. Bí ẹ bá fẹ́ èsì mi ní kúkúrú, òun rèé: iṣẹ́ tó ti ń ṣe láti ọmọ ọdún 12 ti kọ́ ọ ní gbogbo ohun tí ọ̀gá ojú omi gbọ́dọ̀ mọ̀, ó wá ku bí a ṣe ń kúrò níwájú ọ̀tá. Àwọn tó ń rán an níṣẹ́ láti London sì kọ àṣẹ tó jẹ́ pé bó ti wù kó kà á, ìjà ló máa bá nínú rẹ̀. Ṣùgbọ́n ọwọ́ tirẹ̀ náà wà níbẹ̀, mo sì máa sọ ibi tí mo rò pé ó ti ṣì í.

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ láti ilé. Hartforth, nítòsí Richmond ní Yorkshire, ni wọ́n ti bí i ní ọjọ́ 2 oṣù keje ọdún 1862. Ọmọkùnrin kẹrin nínú ìdílé onílẹ̀ ni. Kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yín fi èyí sọ́kàn, nítorí ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì nígbà yẹn, àkọ́bí ló ń kó ilẹ̀ àti ilé. Àwọn àbúrò ní láti wá iṣẹ́ tí kò ní ba orúkọ ìdílé jẹ́, bíi iṣẹ́ ológun, iṣẹ́ àlùfáà tàbí iṣẹ́ amòfin. Ní oṣù kìíní ọdún 1875, wọ́n fi Cradock sínú Britannia, ògbólógbòó ọkọ̀ onígi kan tí wọ́n so mọ́lẹ̀ sínú odò Dart ní Dartmouth, tí wọ́n sì sọ di ilé ẹ̀kọ́ fún àwọn tó máa di ọ̀gá lójú omi.

Ẹ bèèrè bóyá ẹnìkan ló fà á gòkè. Láti wọ Britannia, ọmọ gbọ́dọ̀ rí ẹni ńlá tó máa fi orúkọ rẹ̀ sílẹ̀, lẹ́yìn náà kó ṣe ìdánwò, kí òbí rẹ̀ sì máa san owó ilé ẹ̀kọ́. Nítorí náà ẹnu ọ̀nà ni wọ́n ti ń yọ ọmọ mẹ̀kúnnù kúrò. Ṣùgbọ́n lẹ́yìn tí ọmọ bá ti wọlé, ìyà kan náà ni gbogbo wọn ń jẹ. Wọ́n ń kọ́ ìṣirò, wọ́n ń kọ́ bí a ṣe ń fi oòrùn àti ìràwọ̀ mọ ibi tí ọkọ̀ wà lórí òkun, wọ́n ń gun òpó, wọ́n ń ta ìgbòkun. Ayé ti ń bọ́ sọ́wọ́ ẹ̀rọ olóoru nígbà náà, àmọ́ ọgbọ́n ìgbòkun ni àwọn àgbà ṣì gbà pé ó ń sọ ọmọ di ọkùnrin. Èyí tó ga ju gbogbo rẹ̀ lọ ni ìgbọràn. Ẹni tó wà lókè rẹ ló mọ̀ ọ́n, ìwọ dákẹ́, ṣe é, kí o sì ṣe é kánkán.

Ọ̀nà tí wọ́n ń gbà gbé ọ̀gá ga nígbà yẹn ṣe pàtàkì fún ohun tó ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn. Láti ọmọ ogun akẹ́kọ̀ọ́ títí dé lieutenant, ìdánwò àti ọdún tí èèyàn ti lò ni. Láti lieutenant sí commander, àti láti commander sí captain, yíyàn ni wọ́n ń yan èèyàn. Admiralty, ìyẹn ilé iṣẹ́ tó ń darí gbogbo ọmọ ogun ojú omi láti London, ló ń mú díẹ̀ nínú ọ̀pọ̀, ẹni tí orúkọ rẹ̀ kò bá sì ta sí wọn létí lè di arúgbó sí lieutenant. Ẹni tó bá ti di captain ni ọ̀rọ̀ rẹ̀ yí padà. Láti ibẹ̀ dé admiral, ipò lórí ìwé ni. Ẹni tó ṣáájú lórí ìwé ló ń ṣáájú gòkè, ìwọ á dúró títí àwọn ẹ̀gbọ́n iwájú rẹ yóò fi fẹ̀yìntì tàbí kú, bí o bá ṣáà ti lo ọdún tó yẹ lójú omi. Nígbà tí kò bá sí ọkọ̀ lọ́wọ́ rẹ, ààbọ̀ owó oṣù ni wọ́n ń san fún ọ.

Kí ni èyí ń ṣe sí èèyàn? Ó ń kọ́ ọ pé ìgboyà tí wọ́n fojú rí ló ń mú ọ̀dọ́ gòkè, àti pé lẹ́yìn ìyẹn, àṣìṣe kan ṣoṣo ló lè gbé ọ ṣubú. Kò sí ibi tí ètò náà ti ń san ẹ̀san fún ẹni tó ronú títí, tó sì sọ pé, "Rárá, kí a má ṣe èyí lónìí."

Cradock sì ní ìgboyà tó tó pín fún ọ̀pọ̀ èèyàn. Ní 1891, ó wà nínú ogun Tokar ní Sudan, ó ń ṣe olùrànlọ́wọ́ fún gómìnà etí Òkun Pupa, wọ́n sì fún un ní àmì ẹ̀yẹ ilẹ̀ Tọ́kì. Láti 1894 dé 1896, ó ṣiṣẹ́ nínú ọkọ̀ afẹ́ ọbabìnrin Victoria, ibi tí ojú àwọn ńlá ti ń bá èèyàn. Ọdún 1896 kò tíì parí tí wọ́n fi sọ ọ́ di commander. Ó tún jẹ́ òǹkọ̀wé, ìwé mẹ́ta ló kọ, méjì nínú wọn sì wúlò fún àwọn ọ̀dọ́ ọ̀gá tó ń kọ́ iṣẹ́ ọkọ̀.

Ṣáínà ló wá sọ ọ́ di ẹni ńlá. Ní oṣù kẹfà ọdún 1900, nígbà rògbòdìyàn àwọn ará Ṣáínà tó dìde sí àwọn àjèjì, tí wọ́n ń pè ní Boxers, àwọn orílẹ̀-èdè alágbára fẹ́ gba odi Taku tó ń ṣọ́ ẹnu odò tí wọ́n ń gbà lọ sí Tientsin. Cradock ni ọ̀gá ọkọ̀ Alacrity. Ní ìdájí ọjọ́ 17, òun ló ṣáájú àwọn ọmọ ogun ojú omi Gẹ̀ẹ́sì, tí àwọn ará Jámánì àti Jàpáànù sì jọ kọlu odi náà pẹ̀lú wọn lórí ilẹ̀ tó tẹ́jú, níbi tí kò ti sí igi tàbí òkè tí èèyàn lè sá sí. Wọ́n gba odi náà. Ní oṣù kẹrin 1901 ó di captain, ọmọ ọdún 38. Olú-ọba Jámánì pàápàá fi àmì ẹ̀yẹ ránṣẹ́ sí i. Mo máa ń dúró díẹ̀ tí mo bá dé ibi yìí nínú ìtàn rẹ̀. Àwọn tó bá a gun odi Taku wà lára àwọn tí àwọn èèyàn wọn padà wá yìnbọn rì í.

Èmi ò ní pẹ́ lórí ọdún mẹ́wàá tó tẹ̀ lé e. Ọkọ̀ kan tẹ̀ lé òmíràn: Bacchante, Leviathan, Swiftsure. Ara rẹ̀ kò yá ní àkókò kan ní 1905, ó sinmi, ó padà. Ní oṣù kẹjọ 1910 ipò rẹ̀ lórí ìwé dé orí, ó sì di rear-admiral lọ́mọ ọdún 48. Kò níyàwó, kò bímọ. Ajá rẹ̀ ló máa ń bá a gbé nínú ọkọ̀, ọdẹ orí ẹṣin ni ìgbádùn rẹ̀ nígbà tó bá wà nílé. Àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ rántí pé ó máa ń sọ pé ikú méjì ló wu òun, kí òun kú sójú ogun lórí omi, tàbí kí ẹṣin gbé òun ṣubú lójú ọdẹ.

Àwọn kan di ọ̀rọ̀ yìí mú, wọ́n ní ẹ ò rí i, ikú ló ń wá kiri. Mi ò gbà bẹ́ẹ̀, ohun tó ṣe ní 1911 sì ni ẹ̀rí mi. Ní ọjọ́ 13 oṣù Kejìlá ọdún yẹn, ọkọ̀ èrò Delhi sọ́ sórí ilẹ̀ nítòsí Cape Spartel ní Mòrókò nínú ìjì líle. Àbúrò ọba George Karùn-ún lóbìnrin, ọmọba Louise, wà nínú rẹ̀ pẹ̀lú ọkọ rẹ̀ àtàwọn ọmọbìnrin wọn méjì. Ìgbì ga débi pé atukọ̀ mẹ́ta láti inú ọkọ̀ ogun Faransé tó wá ṣèrànwọ́ bómi lọ. Cradock ló darí iṣẹ́ ìgbàlà náà lórúkọ àwọn Gẹ̀ẹ́sì. Ó fara balẹ̀, ó ń rán ọkọ̀ kékeré lọ, ó ń dá a dúró tí ìgbì bá le jù, ó tún ń rán an, títí wọ́n fi kó àwọn èrò jáde. Ẹni tó ń wá ikú kiri kì í ní irú sùúrù bẹ́ẹ̀. Ọba fi oyè dá a lọ́lá ní 1912, ó di Sir Christopher.

Ní oṣù kejì 1913, wọ́n fi í ṣe ọ̀gá lórí àwọn ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì tó wà ní agbègbè Amẹ́ríkà Àríwá àti àwọn erékùṣù Karibíánì. Rúkèrúdò Mẹ́síkò ló bá níbẹ̀. Iṣẹ́ rẹ̀ ni kó dáàbò bo àwọn àjèjì, kó kó wọn sínú ọkọ̀ nígbà tí ìlú bá gbóná, ó sì ṣe é láìfa ìjà. Ní oṣù keje 1914, nígbà tí ìjọba Huerta, ààrẹ Mẹ́síkò, ṣubú, ọkọ̀ ogun Jámánì kan tó ń jẹ́ Dresden ló gbé ààrẹ náà lọ sí Jàmáíkà tó wà lábẹ́ Gẹ̀ẹ́sì. Ọ̀sẹ̀ díẹ̀ lẹ́yìn náà, ogun bẹ́.

Cradock bẹ̀rẹ̀ sí í lépa àwọn ọkọ̀ Jámánì ní kíá. Ní ọjọ́ 6 oṣù kẹjọ, ó bá Karlsruhe níbi tó ti ń kó àgbá sínú ọkọ̀ èrò kan láti sọ ọ́ di ọkọ̀ ogun, ṣùgbọ́n Karlsruhe yára ju ọkọ̀ tirẹ̀ lọ, ó bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ní Halifax ní Kánádà, ó fi Suffolk sílẹ̀, ó bọ́ sínú Good Hope, nítorí pé ó tóbi, ó sì ń sáré. Ohun tí kò dára lára Good Hope ni pé láti ibi tí wọ́n kó àwọn ògbólógbòó ọkọ̀ pamọ́ sí ni wọ́n ti fà á jáde. Púpọ̀ nínú àwọn tó wà nínú rẹ̀ jẹ́ àwọn tó ti fẹ̀yìn iṣẹ́ náà tì tí wọ́n pè padà, wọn kò sì tíì jọ yìnbọn tó kí ọwọ́ wọn wọlé. Ní Halifax kan náà, àwọn ọ̀dọ́mọkùnrin Kánádà mẹ́rin tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde ilé ẹ̀kọ́ ọmọ ogun ojú omi ilẹ̀ wọn wọ ọkọ̀ náà. Ayọ̀ ńlá ni fún wọn lọ́jọ́ náà.

Ọ̀tá tí London ń bẹ̀rù jù ni Maximilian von Spee, tó kúrò ní etíkun Ṣáínà pẹ̀lú Scharnhorst àti Gneisenau, ọkọ̀ méjì tó mọ ìbọn yìn jùlọ nínú àwọn ọmọ ogun ojú omi Jámánì. Ó ń ré Òkun Pàsífíìkì kọjá, kò sì sẹ́ni tó mọ ibi tí yóò yọ sí. Níbí ni ọ̀rọ̀ wáyà ti wọlé. Ẹ jẹ́ ká tú u wò dáadáa, nítorí ibẹ̀ ni ikú ti bẹ̀rẹ̀.

Láyé Nelson, akọni ojú omi Gẹ̀ẹ́sì tó gbé ayé ní bí ọgọ́rùn-ún ọdún ṣáájú, admiral tó bá ti kúrò nílé di ọba ara rẹ̀. Ní 1914, London lè tẹ wáyà abẹ́ òkun dé Montevideo ní Uruguay, láti ibẹ̀ ẹ̀rọ aláìlówáyà á gbé e dé erékùṣù Falkland, ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kan nítòsí ìsàlẹ̀ Amẹ́ríkà Gúúsù, nígbà mìíràn lẹ́yìn ọjọ́ mélòó kan. Nítorí náà London lágbára láti pàṣẹ, ṣùgbọ́n àṣẹ náà lè ti gbó kó tó débẹ̀. Ẹ̀ka tó yẹ kó máa gbé ètò ogun kalẹ̀ ní Admiralty, 1912 ni wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ dá a sílẹ̀. Winston Churchill ni mínísítà tó wà lórí rẹ̀, ó sì máa ń fọwọ́ ara rẹ̀ kọ wáyà.

Ní ọjọ́ 14 oṣù kẹsàn-án, wọ́n ní kí Cradock kó agbára jọ tó lè kojú Scharnhorst àti Gneisenau, kó máa fi Falkland ṣe ibi tí yóò ti máa gba èédú. Wọ́n ní Defence, ọkọ̀ tó lágbára tó sì ṣì jẹ́ tuntun, ń bọ̀ wá bá a, àti Canopus. Lẹ́yìn ọjọ́ méjì, wọ́n gbọ́ pé Spee yọ ní Samoa, wọ́n rò pé ó ti ń lọ síbòmíràn, wọ́n bá dá Defence dúró. Wọn kò sọ fún Cradock. Ní ọjọ́ 5 oṣù Kẹwàá, wọ́n tún tẹ wáyà pé àwọn ọkọ̀ náà ń bọ̀ lápá ọ̀dọ̀ rẹ̀, kó múra láti pàdé wọn, kí Canopus bá àwọn yòókù lọ. Nígbà tí wọ́n wá rán Defence níkẹyìn, ọ̀gá mìíràn ní apá Montevideo ni wọ́n fi í fún. Ní ọjọ́ 26, Cradock tẹ wáyà pé pẹ̀lú bí Canopus ṣe ń rá pálá yìí, òun kò lè fi í wá ọ̀tá rí, òun yóò fi í sin àwọn ọkọ̀ èédú, òun sì ti ní kí Defence wá. Churchill sọ pé ohun tó ń wí kò yé òun. Ní ọjọ́ 28, London ní Defence kò ní lọ síbì kankan.

Canopus yìí pẹ́ láyé, 1897 ni wọ́n ti sọ ọ́ sómi, ṣùgbọ́n ó ní àgbá mẹ́rin tí ẹnu wọn fẹ̀ tó ínṣì 12. Wọ́n sọ fún Cradock pé kò lè sáré ju knot 12 lọ, ìyẹn máìlì ojú omi 12 láàárín wákàtí kan. Lẹ́yìn tí Cradock ti kúrò ní Falkland ni ọ̀gá ọkọ̀ Canopus tó mọ̀ pé àìsàn ọpọlọ ń da olórí àwọn ẹlẹ́rọ òun láàmú, pé ìròyìn rẹ̀ kò tọ́, àti pé ọkọ̀ náà lè sáré ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ọ̀rọ̀ náà kò dé etí Cradock.

Ohun kan tún wà tó ń jẹ ẹ́ lọ́kàn. Ní oṣù kẹjọ, ọ̀rẹ́ rẹ̀ Ernest Troubridge wà ní Mẹditaréníà pẹ̀lú ọkọ̀ mẹ́rin nígbà tí Goeben, ọkọ̀ ogun ńlá Jámánì, ń kọjá lọ. Admiralty ti kọ̀wé pé kí wọ́n má ṣe bá agbára tó ju tiwọn lọ jà. Troubridge ṣírò àgbá Goeben àti bó ṣe lè yìnbọn láti ọ̀nà jíjìn, ó rí i pé ó ju tòun lọ, ó yí padà ní ìdájí ọjọ́ 7. Goeben dé Tọ́kì. Wọ́n pe Troubridge wálé pẹ̀lú ìtìjú, wọ́n wádìí rẹ̀, wọ́n sì ń múra àtigbé e lọ sí ilé ẹjọ́ ológun. Ọkọ̀ tí Troubridge fi ń darí àwọn yòókù lọ́jọ́ náà ni Defence, èyí tí Cradock ń tọrọ.

Gbogbo ọ̀gá ojú omi Gẹ̀ẹ́sì ló mọ ìtàn Admiral Byng, tí wọ́n yìnbọn pa lórí ọkọ̀ ní Portsmouth ní 1757 nítorí pé kò sa gbogbo agbára rẹ̀ níwájú ọ̀tá. Orí Troubridge ni ìtàn náà tún fẹ́ dé yìí, lójú wọn. Kí Cradock tó kúrò ní Falkland, ó fi lẹ́tà kan sọ́wọ́ gómìnà pé kí wọ́n fi ránṣẹ́ sí ọ̀gá kan tó jẹ́ ọ̀rẹ́ rẹ̀ bí òun bá kú. Ó kọ ọ́ síbẹ̀ pé òun yóò rí i dájú pé ohun tó ṣe Troubridge kò ṣe òun. Ikú yá ju ẹ̀sín lọ: àwọn àgbà wa ti sọ ọ́ kí ẹnikẹ́ni tó bí Cradock, ṣùgbọ́n bí ó bá gbọ́ ọ, èmi rò pé yóò mi orí.

Ó di ọjọ́ 1 oṣù kọkànlá, ọjọ́ Àìkú. Glasgow, ọ̀kan nínú àwọn ọkọ̀ Cradock, ti wọ èbúté Coronel ní Ṣílè lọ gba wáyà, ó sì ń gbọ́ ohùn ẹ̀rọ Leipzig, ọkọ̀ Jámánì kan ṣoṣo. Ọgbọ́n Spee ni. Ó ní kí gbogbo ọkọ̀ òun máa fi orúkọ Leipzig sọ̀rọ̀. Òun náà ti gbọ́ pé Glasgow nìkan wà ní Coronel. Bẹ́ẹ̀ ni olúkúlùkù wọn ṣe ń lọ pa ẹran kan, tí wọ́n sì pàdé agbo. Ní nǹkan bí aago mẹ́rin kọjá lọ́sàn-án, Glasgow rí èéfín. Nígbà tó sún mọ́ ọn, Scharnhorst àti Gneisenau ló rí.

Canopus wà ní nǹkan bí 250 máìlì sí gúúsù. Ilẹ̀ yóò ṣú ní bí wákàtí méjì sí i. Lọ́wọ́ Cradock, Good Hope wà níbẹ̀, Monmouth tí àgbá rẹ̀ kò ju ínṣì 6 lọ, Glasgow, àti Otranto, ọkọ̀ èrò tí wọ́n gbé àgbá díẹ̀ lé, tí kò sì lè sáré. Àgbá tó lè kojú mẹ́rìndínlógún ńlá tó wà lórí ọkọ̀ méjì Spee kò ju méjì lọ, orí Good Hope ni méjèèjì wà. Atẹ́gùn ń fẹ́ kíkankíkan láti gúúsù, ìgbì ń gun ọkọ̀. Àwọn tó ya àwòrán ọkọ̀ Gẹ̀ẹ́sì wọ̀nyẹn ti fi ọ̀pọ̀ àgbá sí ẹ̀gbẹ́ ìsàlẹ̀ pátápátá, omi sì ń rọ́ wọlé sí wọn lára tó jẹ́ pé wọn kò ṣeé yìn.

Cradock to ọkọ̀ rẹ̀ lọ́wọ̀ọ̀wọ́. Ó fẹ́ sún mọ́ wọn nígbà tí oòrùn ń wọ̀ lẹ́yìn rẹ̀, tí ìtànṣán ń fọ́ àwọn Jámánì lójú. Ìrònú tó mọ́ ni. Spee rí i, ó fà sẹ́yìn, ó dúró kí oòrùn wọ̀. Ní aago mẹ́fà kọjá ìṣẹ́jú 18, Cradock ránṣẹ́ sí Canopus pé òun fẹ́ kọlu ọ̀tá báyìí. Ní nǹkan bí aago méje, oòrùn wọ̀, gbogbo nǹkan sì yí padà lójú kan náà. Àwọn ọkọ̀ Gẹ̀ẹ́sì dúdú gàdàgbà lórí sánmà pupa, tí àwọn ti Jámánì sì wọnú òkùnkùn etíkun Ṣílè. Spee bẹ̀rẹ̀ sí í yìn. Kò pẹ́ tí ọta fi ba àgbá iwájú Good Hope jẹ́, ọ̀kan nínú méjì tó gbójú lé. Cradock kò dúró, ó ń tẹ̀ síwájú kí àgbá kékeré rẹ̀ lè débẹ̀. Ó kù díẹ̀ kí aago mẹ́jọ lù, Good Hope bú gbàmù, iná ga sókè, òkùnkùn sì bò ó. Ẹnikẹ́ni kò rí i mọ́. Monmouth tí omi ti ń kún inú rẹ̀ ń fà lọ pẹ̀lú àsíá rẹ̀ lókè, Nürnberg, ọkọ̀ Jámánì kan, bá a lábẹ́ òṣùpá, ó sì rì í lẹ́yìn aago mẹ́sàn-án. Òkun le débi pé wọn kò lè sọ ọkọ̀ ìgbàlà sómi. Ẹni kan ṣoṣo kò yè nínú ọkọ̀ méjèèjì, ó lé ní 1,600 èèyàn. Àwọn ọmọ Kánádà mẹ́rin yẹn wà níbẹ̀, àwọn sì ni ọmọ ogun Kánádà àkọ́kọ́ tó kú nínú ogun náà. Glasgow àti Otranto bọ́. Ní ọ̀dọ̀ Spee, èèyàn mẹ́ta ló fara pa.

Ta ló wá jẹ̀bi? Olùkọ́, mo gbé ìdá tó pọ̀ jù lé London lórí. Èèyàn kò lè sọ pé "múra láti pàdé wọn", kó gba ọkọ̀ tó lè jà lọ́wọ́ ẹni tó rán, kó sì wá sọ lẹ́yìn náà pé òun kò ní kó jà. Nígbà tí Cradock kọ wáyà tí kò yé wọn, ó yẹ kí ẹnìkan bi í ní ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo: kí lo fẹ́ ṣe?

Ṣùgbọ́n ẹ má jẹ́ kí àwọn ọmọ rò pé wọ́n dè é lọ́wọ́. Láàárín ìgbà tí Glasgow rí èéfín àti ìgbà tí ilẹ̀ ṣú, ó lè yí sí gúúsù, sọ́dọ̀ Canopus. Yóò ní láti fi Otranto sílẹ̀ sẹ́yìn, bóyá ìyẹn gan-an ni kò jẹ́ kó lọ. Lójú tèmi, àṣìṣe rẹ̀ tóbi jù nígbà tó pinnu pé Canopus kò wúlò. Churchill pe ọkọ̀ náà ní odi ààbò, ó sọ àsọdùn, nítorí ọkọ̀ náà gbó, àwọn tó wà nínú rẹ̀ kò sì tíì mọ ọwọ́ ara wọn. Síbẹ̀ Spee fúnra rẹ̀ kọ̀wé lẹ́yìn ogun pé bí àwọn Gẹ̀ẹ́sì bá kó ara wọn pọ̀, ó ṣeé ṣe kó burú fún òun. Cradock ka ìyára sí ju àgbá lọ, nítorí ó ń ronú bí ọdẹ, bí ẹni tí ẹran bá bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ ni ìtìjú ń dé bá.

Àwọn kan ní kò kú lásán. Arthur Balfour, tó rọ́pò Churchill ní Admiralty, sọ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ nígbà tó ṣí òkúta ìrántí rẹ̀ ní ṣọ́ọ̀ṣì ńlá York ní oṣù kẹfà 1916. Ó ní ó lè jẹ́ pé ìrètí Cradock ni láti ba ọkọ̀ Spee jẹ́ níbi tó jìnnà sí ibi tí wọ́n ti lè tún un ṣe. Ó bọ́gbọ́n mu, mo sì rò pé ó wà lára ohun tó wà lọ́kàn rẹ̀. Ọta kò fi bẹ́ẹ̀ ba ọkọ̀ Spee jẹ́, ṣùgbọ́n Spee lo ohun tó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìdajì ọta rẹ̀ lọ́jọ́ náà, kò sì síbi tó ti máa rí òmíràn. Ní ọjọ́ 8 oṣù Kejìlá, ó dé Falkland. Canopus tí wọ́n ti gbé jókòó sórí ẹrẹ̀ ní èbúté ibẹ̀ ló kọ́kọ́ yìnbọn sí àwọn ọkọ̀ rẹ̀, àwọn ọkọ̀ ńlá méjì tí London ti rán lọ sì parí rẹ̀. Spee kú, àwọn ọmọ rẹ̀ ọkùnrin méjì kú lọ́jọ́ kan náà.

Bí ẹ bá padà sí kíláàsì, ẹ kọ déètì mẹ́ta péré sójú pátákó fún ọmọ tó béèrè yẹn. Ní ọjọ́ 1 oṣù kọkànlá, Cradock kú. Ní ọjọ́ 3, ìròyìn kò tíì dé London, Fisher, àgbà admiral tó ṣẹ̀ṣẹ̀ padà sí Admiralty, sì ti ní kí Defence máa lọ bá a. Ní ọjọ́ 9, ilé ẹjọ́ ológun dá Troubridge láre, wọ́n ní àṣẹ tí wọ́n fún un ló tẹ̀ lé.